Bí Ọdẹ́jìnmí Ṣe Gba Ohùn Fẹ̀yìntọlá Sílẹ̀ ní Igbó Gbohùngbohùn

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, kí ẹni tó wà lẹ́yìn má baà máa fi etí ẹlẹ́tí gbọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ kan dúró gbọ́, kí ẹsẹ̀ kejì ti máa lọ sóko. Ìdí-Apá ni ó ti ṣẹlẹ̀, ìlú kékeré tó wà lẹ́yìn òkè mẹ́ta, níbi tí igi apá ńlá kan ti ń ta ìbòòji sórí àgbàlá àwọn ọdẹ. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò níbẹ̀. Òjò ń rọ̀ níbi tí mo wà nísinsìnyí náà, ṣùgbọ́n òórùn ilẹ̀ rẹ̀ kò jọ ti ibẹ̀ rárá. Síbẹ̀, bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ń rí Ọdẹ́jìnmí lórí àpótí rẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí ìkejì, ìkòkò tábà lẹ́nu, tó ń wo ojú wa níkọ̀ọ̀kan kí ó tó la ẹnu. Bó ṣe sọ ọ́ fún wa ni n ó ṣe sọ ọ́ fún yín. Ibi tí irọ́ bá wà níbẹ̀, irọ́ ọdẹ ni, kì í ṣe tèmi.

Ọdẹ ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ ọdẹ, ọmọ ọmọ ọdẹ. Kò sí ẹranko tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin rìn tí kò sá fún un rí, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ pé àwọn tó ń fi méjì rìn náà ń yà fún òun lọ́nà. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan wà tí ìbọn kò ràn. Fẹ̀yìntọlá ìyàwó rẹ̀ bí ọmọbìnrin kan fún un, ó sì kú ní ọjọ́ keje tí ó bímọ. Ní agboolé wọn, àṣà kan wà tí n kò rí níbòmíràn títí di òní: bàbá ní ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ṣùgbọ́n ìyá nìkan ló lè fún un ní oríkì, láti ẹnu ara rẹ̀, lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹjọ mọ́, ẹnu tó yẹ kó sọ ọ́ ti pa dé. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Ọdẹ́bùnmi. Wọ́n gbé e jó díẹ̀, bí a ti ń gbé ọmọ jó nílé ọ̀fọ̀. Àwọn ìyá àgbà ní kí àwọn bá a wá oríkì kan, ó ṣe tán, ayé ti ń yí padà. Ọdẹ́jìnmí kọ̀. Ó ní ẹnìkan ló ni ààyè yẹn, ẹni náà kò sì fi jìn wọ́n.

Ọdún mọ́kànlélógún kọjá. Ọdẹ́bùnmi di télọ̀, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Ọkọ dé. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìgbéyàwó ni ó jókòó ti bàbá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó ń bó ẹ̀gúsí. Láìgbé ojú sókè, ó bi í léèrè ohun tó ti ń bi ara rẹ̀ láti kékeré.

"Bàbá mi, bí mo bá kúnlẹ̀ sun ẹkún ìyàwó lójú ẹbí, oríkì wo ni wọ́n á fi rẹ̀ mí lẹ́kún?"

Ọdẹ́jìnmí ní ìwo ẹfọ̀n ti gún òun rí, eyín ìkookò ti wọ òun lẹ́sẹ̀ rí, àwọn yẹn sì ti san. Ìbéèrè yẹn kò san. Ó wo ọmọ náà bó ṣe ń bó ẹ̀gúsí, ó sì mọ̀ pé tí òun kò bá rí oríkì yẹn mú wá kó tó di ọjọ́ ìgbéyàwó, ọmọ òun yóò wọ ilé ọkọ bí ẹrù tí kò ní okùn.

Ọmọdé Ìdí-Apá gan-an mọ̀ pé ohùn kì í kú. Ara ní ń kú. Ohùn a gba ọ̀nà òkè kẹta lọ sí Igbó Gbohùngbohùn, ibẹ̀ ni gbogbo ohùn tí a ti fọ̀ rí láyé ń gbé. Ìdí nìyẹn tí òkè fi máa ń dáhùn bí ènìyàn bá ké sí i: àwọn ará ibẹ̀ ní ń fi wá ṣeré. Àwọn ọdẹ àtijọ́ lọ, wọ́n sì bọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfìfo ni wọ́n mú bọ̀, nítorí ohùn kò ṣe é so lókùn, kò sì ṣe é dì sínú àpò ọdẹ.

Ọ̀dọ̀ Sáfúrátù ni Ọdẹ́jìnmí gbà lọ. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti dolóògbé ni. Sáfúrátù fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní ìlú ńlá, ó fẹ̀yìntì, ó padà wálé, gbogbo wa sì ń pè é ní Ìyá Rédíò. Ó ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ kan lọ. Nígbà tó gbọ́ ohun tí bàbá náà fẹ́ fi ṣe, kò rẹ́rìn-ín, kò sì ní ó ya wèrè. Ó fa àpótí jókòó, ó sì fi ọ̀rọ̀ ọdẹ kọ́ ọ.

Ó ní ọ̀nà méjì ni ẹ̀rọ náà ń gbà mú ohùn. Èkíní ń jẹ́ wéèfù. Wéèfù dà bí ìgbà tí ọdẹ bá gbé ẹtu wálé ní tútù, tòun tawọ, tòun tìwo, tòun tìfun. Kò sí ohun tó dín lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, ààyè tó ń gbà kò kéré. Èkejì ń jẹ́ ẹmpiitíríì. Ìyẹn ni ẹran tí a yan nínú igbó: ó fúyẹ́, àpò kan á gba mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti fi iná lé gbogbo ohun tó rò pé etí kò ní wá.

Ọdẹ́jìnmí rò ó, ó ní tí òun bá wá rẹ ti yíyan náà sómi ńkọ́, bí a ti ń rẹ ẹran gbígbẹ.

"Bàbá, ẹ ti yan ẹran láyé yín," ni Sáfúrátù wí. "Èwo lẹ rí tó padà di tútù?"

Ó fi ibi ìpamọ́ hàn án pẹ̀lú. Ẹ̀rọ ní ikùn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ikùn náà kéré, bí a bá fi wéèfù gba ohùn sí i, ìwọ̀n ìgbà tí ẹ̀wà fi ń jinná ni yóò kún. Káàdì kan tún wà, pẹlẹbẹ bí èékánná, tó ń wọ ìhà ẹ̀rọ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ àkọ̀. Ìyẹn lè gba wéèfù láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀. Bí ààyè bá ti ń tán, iná pupa á máa ṣẹ́jú. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe ṣí ẹ̀rọ náà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kó fi ààyè sílẹ̀ fún ohun tó torí rẹ̀ lọ. Ó sì ní ohun tó bá fẹ́ràn, kó má fi í síbì kan ṣoṣo. Ọdẹ́jìnmí ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí tó ń mì kọ́ lorí tó gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó dè é mọ́lẹ̀. Láàárín àwọn ọdẹ Ìdí-Apá, a kì í fi ẹnu lásán pa erin. Ẹni tó bá ní òun pa á gbọ́dọ̀ tẹ́ ìrù rẹ̀ sórí ẹní níwájú Olúọdẹ, bí kò bá sí ìrù, erin ń jẹko lọ́wọ́ níbi tó wà nìyẹn. Ọdẹ́jìnmí wá bi ara rẹ̀ pé irú ìrù wo ni òun fẹ́ gé lára àwọn iwin tó wà lójú ọ̀nà igbó náà. Ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ là. Ẹ̀rọ yìí gan-an ni ìrù. Kò tíì rìn jìnnà sí ìlú tó fi tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ní wéèfù, nítorí ohun tí òun Ọdẹ́jìnmí bá ṣe kò yẹ ní yíyan. Kò sì sí ohun tó ṣe lọ́nà tí kò tún ṣí i fún.

Ẹ má bi mí pé ọjọ́ mélòó ló rìn. Bí a bá ní ká máa ka ìṣísẹ̀ ọdẹ, ẹran á ti sá lọ. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá pàdé ni Ẹlẹ́nu Méje, iwin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ara rẹ̀ rí bí òkìtì ikán, ẹnu méje sì wà káàkiri rẹ̀: ọ̀kan ń jẹun, ọ̀kan ń yán, ọ̀kan ń bú ìyá ẹni tó ń bọ̀ kó tó dé. Ọ̀kan béèrè pé ta ni ẹni tó gbé etí lọ́wọ́ láìgbé ojú dání. Ọdẹ́jìnmí gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ẹnu ara rẹ̀ dáadáa, ó sì fi ìjálá kí i:

Èmi Ọdẹ́jìnmí, ọkọ Fẹ̀yìntọlá,
A-rìn-nígbó-bí-ẹni-rìn-ní-yàrá.
Ẹfọ̀n rí mi lókèèrè, ó ní ìwo ń dun òun.
Ẹkùn rí mi nítòsí, ó fi ìrù gbálẹ̀,
Ó ní òun kò dúró, òun ń lọ kí àna òun.

Ó sun ìjálá náà títí òjìji fi yí sí òdìkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ̀yá ìjà, ó sì fi amọ̀ dí ẹnu iwin náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku èyí tó ń yán, tó ní kó máa kọjá lọ, oorun ń kun òun. Ní ibi tí ìtàn bá dé yìí ni Lámídì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Lámídì ní ọdún tó kọjá, ẹnu márùn-ún ni iwin yẹn ní.

"Ó ti dàgbà sí i," ni Ọdẹ́jìnmí dá a lóhùn, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Ó bá iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan sáré, ó fi í sẹ́yìn. Ó sùn lórí ejò tó dábùú ọ̀nà bí ẹni sùn lórí ẹní, ó jí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ejò. Ìgbàkígbà tó bá ṣẹ́gun, á jókòó, á rò ó fún ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì fi díẹ̀ kún un. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, ṣebí ẹ mọ ìyókù.

Ó dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Afúyẹ́. Ẹnu bodè wọn ni wọ́n gbé irin ńlá kan sí, irú èyí tí a fi ń fún omi lára gàárì, gbogbo àlejò ló sì ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Àwọn ará ibẹ̀ tẹ́ bí ewé ẹ̀gẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, wọ́n á di òpó mú. Wọn kì í kí ni. Ẹni tó bá fẹ́ omi á ní "omi," ẹni tó bá fẹ́ kí o kúrò lójú ọ̀nà á ní "ọ̀nà." Wọ́n ní ìkíni kò sí nínú ohun tí etí nílò, àwọn ti fún un dànù.

Ọdẹ́jìnmí gba ẹ̀gbẹ́ irin náà yọ́ wọlé, torí pé ó mọ bí a ti ń yọ́. Obìnrin kan fún un lómi. Ó ń bá a sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́ pé ìyá obìnrin náà ti kú. Ó ní kó sọ ti ìyá rẹ̀ fún òun. Obìnrin náà là á sílẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé: gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ rí, ọ̀kan kò yẹ̀. Ọdẹ́jìnmí wá béèrè bí ìyá náà ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà la ẹnu. Ó wà bẹ́ẹ̀. Ó pa á dé, ó tún là á.

"Wọ́n ní ẹ̀rín kì í ṣe ọ̀rọ̀," ló wí.

Ó fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n omi ojú náà wà lára ohun tí wọ́n ti fún dànù. Kí ọdẹ náà tó lọ, obìnrin yìí pa àlọ́ kan fún un, pé kí ni ohun tí a kì í gbọ́ nígbà tó wà, tó jẹ́ àìsí rẹ̀ ni a ń gbọ́? Ọdẹ́jìnmí ní iyọ̀ ni. Rárá o. Ó ní bàtà ọdẹ ni. Kì í ṣe òun. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní kó já a fún òun. Obìnrin náà ní òun kò mọ̀ ọ́n, àlọ́ nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn, wọ́n ti fún ìtumọ̀ rẹ̀ dànù.

Ìlú kejì ni Ẹlẹ́rù, tiwọn sì yàtọ̀. Wọn kì í sọ nǹkankan nù níbẹ̀. Gbogbo ohun tí etí wọn ti gbọ́ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé ni wọ́n ń rù nínú agbọ̀n lórí, ọrùn wọn sì ti wọnú èjìká tán. Láàárín ìlú, bàbá arúgbó kan jókòó sórí òkìtì ohùn, ó ń tú u kiri bí adìẹ. Bó bá tú ibì kan, ewúrẹ́ á ké. Bó bá tú òmíràn, ẹnìkan á húkọ́, ilẹ̀kùn á dún. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ kí i, ó ní kí ni Bàbá ń wá. Bàbá ní ọ̀rọ̀ tí ọmọ òun kọ́kọ́ fọ̀ láyé ni, òun ti ń wá a láti ogójì ọdún.

"Ṣé ó sọnù ni?"

"Kò sọnù, ọmọ mi. Ó wà níbí. N kò sọ nǹkankan nù láyé mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi rí i."

Bàbá náà wá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ wọn ọ́n wò, ó ní ó ti wúwo, ohùn ta ló wà nínú rẹ̀? Ọdẹ́jìnmí ní tòun ni. Bàbá wo ojú rẹ̀ bí a ti ń wo ọmọ tó ń jẹ yẹ̀ẹ̀pẹ̀ tínú rẹ̀ dùn. Ó dá ẹ̀rọ náà padà fún un, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú òkìtì rẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni Ọdẹ́jìnmí wọ Igbó Gbohùngbohùn. Ó ní kò sí ohun tó ń dẹ́rù bani níbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún wa pé ó wà, onítọ̀hún kò dé ibẹ̀. Oòrùn ń ti àárín ewé bọ́ sílẹ̀, ewé kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ohùn ẹnìkan. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àwọn ará ilé ṣe ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì nígbà tí ìwọ ń tòògbé. Ó pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un pè.

"Ọdẹ́jìnmí," ni ohùn kan wí lókè orí rẹ̀, "o ṣì ń pariwo. Ta ló sọ fún ọ pé etí mi di?"

Akọni ọkùnrin, ó jókòó sílẹ̀ gbì. Omi jáde lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Ohùn kan ṣoṣo nínú ayé ló máa ń bú u bẹ́ẹ̀ yẹn, tí ara rẹ̀ á fi yá. Fẹ̀yìntọlá bi í bóyá ọmọ náà gbà láti jẹun lẹ́yìn òun. Ọdẹ́jìnmí ní ó jẹun, ó ju bó ṣe yẹ lọ, àyàfi ilá tí kò fẹ́ rí. Ó ní ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ ẹ̀fẹ̀ tán, ẹ̀fẹ̀ náà a sì bàjẹ́. Ó ní tó bá ń ronú, á máa fi àtàǹpàkò pa ìka ìfábẹ̀lá, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Fẹ̀yìntọlá ní kó tún ti ìka yẹn sọ.

Nígbà tí Fẹ̀yìntọlá gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ̀ bá wá, ó ní òun ti mú oríkì náà pa mọ́ láti ọjọ́ keje, kò tíì kúrò lẹ́nu òun. Ṣùgbọ́n òfin igbó ni pé òkú lè bá alààyè tó wà níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, ọ̀rọ̀ tó bá fẹ́ rán sílé nìkan ni kò lè sọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó ní kó ṣètò ẹ̀rọ rẹ̀ dáadáa, òun ti ṣe tán.

Ọdẹ́jìnmí yọ ẹ̀rọ jáde. Iná pupa ń ṣẹ́jú.

Ikùn ti kún. Káàdì ti kún. Ẹlẹ́nu Méje wà níbẹ̀, iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan wà níbẹ̀, ejò wà níbẹ̀, ìjálá oríṣiríṣi sì tò jọ bí igi ìdáná. Ó ku ààyè bíńtín, èyí tó lè gba ohùn yíyan, tí kò lè gba ti tútù. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í sọ pé òun ṣe àṣìṣe. Ó rọra ṣàlàyé fún ìyàwó rẹ̀ pé òun máa yan ohùn náà díẹ̀, ẹmpiitíríì ni wọ́n ń pè é, ẹran yíyan ṣáà ṣì ni ẹran.

Fẹ̀yìntọlá ní kí ló kún inú ẹ̀rọ ná. Ojú ti Ọdẹ́jìnmí, ṣùgbọ́n kò lè purọ́ fún un, kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń ṣe é nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wà láyé pàápàá. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ohùn tirẹ̀ jáde, ó gba igbó kan, ó ń sọ bí ẹkùn ṣe rí òun tó ní òun ń lọ kí àna òun.

"Ẹkùn yẹn," ni Fẹ̀yìntọlá wí, "láti ìgbà tí mo ti wà láyé ló ti ń lọ sílé àna. Kò tíì débẹ̀?"

Ó sì rẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín náà tó jáde, ó mí sínú, mímí kékeré kan báyìí, bó ṣe máa ń mí tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n jọ ń gbé nílé. Ọdún mọ́kànlélógún ni Ọdẹ́jìnmí fi rántí ẹ̀rín yẹn, èémí tó ṣíwájú rẹ̀ ti jábọ́ lọ́kàn rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ó ti jábọ́. Ó rántí obìnrin Afúyẹ́ tó la ẹnu, tí nǹkankan kò jáde. Èémí ni ìtumọ̀ àlọ́ rẹ̀. Bí òun bá yan ohùn yìí, oríkì á délé, ọ̀rọ̀ á pé, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní mọ̀ pé mímí ìyá wà lára ohun tí ọmọ ń wá.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohùn tirẹ̀ rẹ́. Sáfúrátù ti sọ fún un pé ẹ̀rọ á tún bi í bóyá ó dá a lójú, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń tẹ̀ ẹ́. Ó pa iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan rẹ́. Ó pa ejò rẹ́. Gbogbo ìjálá, ó pa wọ́n rẹ́, ó ń dágbére fún wọn lábẹ́ ẹnu. Ó wá ku Ẹlẹ́nu Méje, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sórí bọ́tìnnì. Láìsí ìyẹn, kò sí ìrù kankan tó máa tẹ́ sórí ẹní Olúọdẹ. Wọ́n á fi í ṣẹ̀sín títí wọ́n á fi sin ín.

"Fi í sílẹ̀ bó bá wù ọ́," ni Fẹ̀yìntọlá wí. "Ìwọ ni mo fẹ́, n kò fẹ́ ẹkùn tó sá fún ọ."

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó yí ẹ̀rọ sí wéèfù, ó gbé e sókè sí ewé náà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì pa ẹnu ara rẹ̀ mọ́, ohun tí kò tíì ṣe rí láyé. Fẹ̀yìntọlá sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ohun tó sọ, Ọdẹ́jìnmí kì í sọ ọ́ fún wa lábẹ́ igi apá. Ó ní ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ ni.

Ó fi í sí ikùn ẹ̀rọ, ó tún dà á kọ sórí káàdì. Ó yọ káàdì, ó fi í sínú àdó kékeré, ó fi ìda oyin dí i lẹ́nu, ó sì gbé e kọ́ ọrùn. Ọpẹ́ ni pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Odò tó wà nísàlẹ̀ òkè kò fẹ́ kí ohùn kan kúrò nígbó, ó ru, ó já àpò ọdẹ náà gbà, ó gbé ẹ̀rọ Sáfúrátù mì. Ọdẹ́jìnmí wẹ̀ ẹ́ já pẹ̀lú ọwọ́ kan, ó fi ìkejì di àdó ọrùn rẹ̀ mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ mú lójà.

Nígbà tó délé, Olúọdẹ tẹ́ ẹní, ó ní kó mú ìrù wá. Ọdẹ́jìnmí ní òun ní in, òun ti sọ ọ́ nù lọ́nà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn obìnrin fi jáde wá wo ohun tó dé. Lámídì béèrè bóyá ẹkùn ló bá a gbé ìrù náà lọ fún àna rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí kò tíì pa ju òkété lọ. Ó lọ jókòó síbẹ̀. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì rẹ́rìn-ín bíi tiwọn.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Sáfúrátù ti wá ẹ̀rọ mìíràn, ó ti ki káàdì bọ̀ ọ́, ó gbé sípíkà kékeré kan sórí àpótí lábẹ́ igi apá. Kò sí ẹni tó tíì gbọ́ ọ, Ọdẹ́jìnmí kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáájú ọmọ gbọ́ ọ. Oòrùn ti yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní àtàrí nígbà tí Ọdẹ́bùnmi kúnlẹ̀ sáàárín wa, aṣọ ìbora lórí, tó bẹ̀rẹ̀ ẹkún rẹ̀:

Bàbá mi, mo ń lọ,
Ilé tí mo ti ń jẹ láìdúpẹ́, mo ń lọ.
Ẹni tó bí mi, n kò mọ ojú rẹ̀,
Ta ni yóò ní kí n má sunkún mọ́?

Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ilé ti máa ń gbà á, tí wọ́n á máa pe oríkì ìyàwó. Wọ́n wolẹ̀. Wọn kò ní ohun tí wọ́n lè pè.

Sáfúrátù tẹ bọ́tìnnì. Nǹkankan kò dún. A ka mẹ́ta, a ka mẹ́rin, kò dún. Olúọdẹ yí ọrùn, ó fẹ́ sọ pé nǹkan òyìnbó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí gbé ọwọ́ sókè níbi tó jókòó sí ní ìsàlẹ̀ ẹní. A wá gbọ́ ọ. Ẹnìkan ń mí nínú sípíkà náà. Ó mí sínú, bí ẹni tó tẹ̀ síwájú sórí ọmọ tó ń sùn, tí kò fẹ́ jí i lójijì.

"Àlàkẹ́," ni ohùn náà wí. "Àlàkẹ́ mi. Ilẹ̀ ti mọ́ o. Ṣé o jí're?"

Kò sí ẹni tó sọ pé ọ̀sán ni. Ọdẹ́bùnmi ṣí aṣọ kúrò lójú. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ lórí eékún tó wà, ó tẹ orí ba.

"Mo jí're, ìyá mi," ló wí. "Ẹ káàárọ̀, mà."